Oluwaseun@2024: bí a ṣe yan sọ́fítíwià tó ń ṣọ́ páásíwọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì wa l'Ábùjá

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, oníbàárà wa kan ní Kàdúná pe Ìyá Akáǹtì lórí fóònù. Ó ní òun ti san owó ọjà sínú àkáǹtì báǹkì tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sóun, ṣé ó ti wọlé? Ìyá Akáǹtì ní, "Àkáǹtì tuntun wo, Alhaji?" Ọkùnrin náà ka nọ́ńbà rẹ̀ sí i létí. Kì í ṣe tiwa. Ímeèlì tó gbé nọ́ńbà yẹn lọ bá a jáde láti inú àpótí ímeèlì Ìyá Akáǹtì fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji wa" sì wà lókè, bó ṣe máa ń kọ ọ́ sí i láti ọdún mélòó kan, nítorí ọmọ Ìlọrin ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó ka lẹ́tà àtijọ́ wọn dáadáa kó tó kọ tirẹ̀.

Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ náà. Ohun èlò ilé ìwòsàn la ń kó fún àwọn tó ń tà á káàkiri ìhà àríwá. Olú ọ́fíìsì wà ní Utako, ẹ̀ka wà ní Kàdúná àti Kánò, a ò sì tó igba èèyàn. Ọmọ Ọ̀fà ni Ọ̀gá wa. Àwọn tó kọ́kọ́ bá a dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ wá láti Kwara àti Kogi, nítorí náà Yorùbá la máa ń sọ jù nínú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Haúsá wà níbẹ̀, Ìgbò wà, Tìv wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìwọlé orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tí gbogbo wa ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú, ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn wa láti òkè òkun. Kò kan ilẹ̀kùn ẹnì kan léraléra. Ó mú orúkọ ìwọlé òṣìṣẹ́ kan, ó dán páásíwọ́ọ̀dù kan wò, kò ṣí, ó bọ́ sórí ẹlòmíì. Nígbà tó yí gbogbo wa ká tán, ó sinmi, ó sì tún gbé òmíràn dé. Òfin wa nígbà náà ni pé ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, sáfà á tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni yìí ò jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, tó ń dán an wò lára gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò. Bí àdúgbò bá ti tóbi tó, ilẹ̀kùn kan á gbọ́ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ti Ìyá Akáǹtì ló gbọ́.

Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí ohùn wa má bàa dóde. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń lò lóṣù tó kọjá?" Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù sókè. Páálí ìwé kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́lótéépù lẹ̀, ìlà lórí ìlà, ó ti fi bíírò pa ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́: Ilorin@2024, Offa@2024, Jebba@2024, Lokoja@2024, Kaduna@2024. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí kò tíì pa rẹ́, ni Abuja@2024. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin náà lẹ ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, pé a ò sì gbọdọ̀ padà sí ti àtijọ́. Ìlú ni mo fi ń ka oṣù." Omi ti lé sí i lójú. Obìnrin yìí ti ṣe ìṣirò owó ilé iṣẹ́ yẹn láti ìgbà tó ti wà ní yàrá méjì, náírà kan ò sì tíì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Èmi ni mo kọ òfin tó tẹ̀ lé. Active Directory, tó ń ṣètò orúkọ ìwọlé lórí Windows, ní òfin tirẹ̀ tó bá a dé: ó kéré tán lẹ́tà 7, kí ó ní oríṣi mẹ́ta nínú lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì, kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 42, kí a má sì tún èyíkéyìí nínú 24 tó ti kọjá lò. Mo rò pé mò ń mú un le sí i nígbà tí mo sọ 7 di 8, tí mo sọ 42 di 30. Ẹ wá gbé Abuja@2024 sórí òṣùwọ̀n yẹn. Lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà, nọ́ńbà wà, àmì wà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ó yege pátápátá. Òfin náà ń ka oríṣi lẹ́tà, kò mọ̀ pé orúkọ ìlú tí a jókòó sí àti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni wọ́n so pọ̀. Ẹni tó bá jókòó sí òkè òkun, tó mọ̀ pé Àbújá ni ilé iṣẹ́ kan wà, òun náà á kọ́kọ́ dán an wò.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó dá irú òfin yìí sílẹ̀ ti kọ̀ ọ́ kí n tó kọ tèmi. Lọ́dún 2003, Bill Burr, òṣìṣẹ́ NIST, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n àti ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, kọ ìlànà tó sọ pé kí àwọn èèyàn da àmì àti nọ́ńbà pọ̀, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2017, ó sọ fún ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé òun kábàámọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ohun tóun kọ. Ọdún yẹn kan náà ni NIST yí ìlànà rẹ̀ padà: kí ó gùn, kí a má fi àmì dandan yọ èèyàn lẹ́nu, kí a má sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kí a sì máa fi gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tuntun wé àwọn tó ti jò síta. Lọ́dún 2019, Microsoft náà yọ pípààrọ̀ tipátipá kúrò nínú ìlànà ààbò tó ń gbé jáde fún Windows. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọ̀gá pè wá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Báǹkì ti rí apá kan owó náà dá dúró, apá kan ti lọ. Agbẹjọ́rò wa ti ń kọ ìwé sí NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà, nítorí Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi irú nǹkan báyìí tó wọn létí bó bá lè ṣe ipalára fún àwọn tí dátà wọn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá ò pọ̀. Ó ní, "Ra sọ́fítíwià tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo irú rẹ̀ mọ́. Má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o bú Màmá." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Sà. Mi ò ní bú u."

Kó tó di ọ̀rọ̀ rírà, mo tan ìwọlé onígbèésẹ̀ méjì sórí ímeèlì gbogbo wa lọ́sẹ̀ yẹn, kí fóònù òṣìṣẹ́ máa bi í bóyá òun ló ń wọlé. Ẹni tí kò bá tíì ní i kó ṣe é lónìí, kó tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ara mi pé kí gan-an ni àwọn èèyàn wa ń lò. Mo gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ DSInternals wo àwọn hash páásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú Active Directory, lórí láptọ́ọ̀pù tí kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, nínú yàrá tí mo ti pa. Hash ni ohun tí Windows ń tọ́jú dípò páásíwọ́ọ̀dù gan-an. A ò lè yí i padà sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a lè mú ọ̀rọ̀ tí a fura sí, kí a ṣe hash tirẹ̀, kí a fi wé e. Páásíwọ́ọ̀dù kan náà, hash kan náà ni, èyí ló jẹ́ kí n rí i pé àwọn bíi mélòó kan ní ẹ̀ka ìtajà jọ ń lo ẹyọ kan.

Mo kọ́kọ́ fi àtòkọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wé e. Díẹ̀ ló bọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá ì bá ti sọ pé ara wa yá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Kubwa, iná ti lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ìnfátà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwa sínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Orúkọ ọmọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Windows mọ orúkọ rẹ, kì í jẹ́ kí o fi í sínú páásíwọ́ọ̀dù bí òfin àmì àti nọ́ńbà bá wà ní títàn. Kò mọ orúkọ ọmọ rẹ. Mo kọ Oluwaseun, Oluwadamilola, Ayomide, Temitope. Mo rántí pé àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn ò sí lórí kíbọ́ọ̀dù ọ́fíìsì, pé oníkálukú sì ní bó ṣe ń kọ ṣ: Shola kan wà, Sola kan wà, Olushegun wà, Olusegun wà, Titi Adeshina tó ń fi h sí i àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kì í fi sí i. Mo kọ gbogbo rẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Mo bọ́ sórí oríkì: Ajoke, Alabi, Asake, Ajani. Mo bọ́ sórí àdúrà, níbi tó ti pọ̀ jù: Oluwaseese, Olorunsogo, Adupe, Alhamdulillah, Bismillah. Mo bọ́ sórí ìlú, kì í ṣe Àbújá nìkan, ìlú tí oníkálukú ti wá, nítorí ará Ọ̀fà á kọ Offa, ará Kàbà á kọ Kabba. Mo kọ Nyanya, Lugbe, Gwarinpa, Mararaba. Mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí mo dé ibi Haúsá, mo rí i pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Hajia tó ń bójú tó sítọ́ọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ojú ewé kan gbáko láìsinmi. Kanotadabo wà níbẹ̀, oríkì ìlú Kánò. Ọ̀rẹ́ wa kan tó jẹ́ Ìgbò kọ tirẹ̀. Nígbà tí mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí mo fi ọdún àti àmì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo tún fi wé àwọn hash wa, mi ò lè jókòó mọ́. Orí àtòkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà, Ọ̀gá pẹ̀lú. Mo fa ìwé náà ya, mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń gé ìwé, mo tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ sínú fáìlì tí mo tì pa.

Èyí ló wá di òṣùwọ̀n mi fún gbogbo sọ́fítíwià tí mo yẹ̀ wò. Mi ò bi wọ́n léèrè iye òfin tí wọ́n ní. Mo bi wọ́n pé: ṣé ẹ máa dí Oluwadamilola1 lọ́nà?

Mo ní ìdí tí mo fi mú orúkọ yẹn. Gbogbo ìmọ̀ràn òde òní ni kí páásíwọ́ọ̀dù gùn, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tiwa ti gùn láti ilé. Oluwadamilola jẹ́ lẹ́tà 13. Fi 1 sí i, ó di 14, lẹ́tà ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà, nọ́ńbà wà. Oluwaseun@2024 náà, 14 ni. Group Policy ti Windows, ibi tí a ti ń ṣètò òfin fún gbogbo kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń lò, kì í jẹ́ kí gígùn dandan ju 14 lọ. Nítorí náà, bí mo bá gbé òfin gígùn dé òkè pátápátá láìfi ohun mìíràn kún un, ọmọ Yorùbá á fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn gba ilé ara rẹ̀ kọjá. Windows nìkan kò tó, mo fi í sílẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sọ́dọ̀ wa ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Wuse. Ọjà rẹ̀ wọ́n níwọ̀n, ó sì gbọ́ Yorùbá. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní "àwọn ẹlẹ́rọ wa" ni. Mo ní kí n rí ibùwọ̀lùwé dígítà tó wà lára fáìlì rẹ̀. Kò sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Irú sọ́fítíwià yìí, DLL kan, ìyẹn fáìlì kóòdù tí Windows máa ń gbé wọ inú ara rẹ̀, ni a ń fi sórí domain controller, ìyẹn sáfà tó ń ṣe ìpinnu ìwọlé. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá yan páásíwọ́ọ̀dù tuntun, Windows á gbé e fún DLL yẹn kó tó gbà á, kó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó ṣe wà gan-an ló máa ń gbé e fún un, kì í ṣe hash. Ẹni tó bá kọ DLL náà lè rí páásíwọ́ọ̀dù gbogbo ilé iṣẹ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, mo sìn ín dé ẹnu géètì.

Àwọn tó kù jẹ́ ẹni tí ayé mọ̀. Specops, ará Swídìn, ní ohun tó dára púpọ̀: bí a bá fi ìdajì rẹ̀ tó kù sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́, ó máa ń sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ibi báyìí ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ kù sí. ManageEngine ADSelfService Plus fi èyí kún un pé òṣìṣẹ́ tó gbàgbé tirẹ̀ lè ṣí ara rẹ̀ láìpè mí. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ẹgbẹ̀rún, tí ẹni méjì péré ń dáhùn fóònù, mo máa sọ fún un láìṣiyèméjì pé kó ra ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n iye orí òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbà, dọ́là sì ni wọ́n ń kà. Láti ìgbà tí báǹkì àpapọ̀ ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, iye tí a kọ lóṣù yìí kì í ṣe iye tí a máa san lóṣù tó ń bọ̀.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni ti Microsoft fúnra wọn, Entra Password Protection. A lè kọ ọ̀rọ̀ tiwa tó tó 1,000 sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà 4, kò sì gbọdọ̀ ju 16 lọ. Ade, Ayo àti Olu kò lè wọlé nítorí mẹ́ta ni lẹ́tà wọn. Ìyẹn ò dà mí láàmú púpọ̀. Ohun tó dà mí láàmú ni bó ṣe ń ṣírò. Ó máa ń sọ gbogbo lẹ́tà ńlá di kékeré, á sọ @ di a, á sọ 0 di o. Lẹ́yìn náà á fún ọ̀rọ̀ tí a kà léèwọ̀ ní máàkì 1, á fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó kù ní máàkì 1. Ohun tó bá ti pé 5, ó gbà á. Mo fi bíírò ṣe é lẹ́yìn ìwé rìsíìtì kan níwájú Ọ̀gá. Oluwadamilola1: orúkọ náà 1, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ 1, àpapọ̀ 2. Ó kọ̀ ọ́, ó dára. Oluwaseun@2024: orúkọ náà 1, àmì 1, nọ́ńbà mẹ́rin 4, àpapọ̀ 6. Ó gbà á. Abuja2024: 1 àti 4, 5 géérégé. Ó gbà á. Bí Abuja nìkan bá wà lórí àtòkọ, kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilé wa ṣì máa ṣí i. Ọ̀gá gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó sì wò mí. A tún máa nílò láísẹ́ǹsì Entra ID P1 tí a kò ní.

Èyí tí a mú níkẹyìn ni Lithnet Password Protection. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, èyí tó dáhùn ìbẹ̀rù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń mú ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ó máa ń gé nọ́ńbà àti àmì tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò, á yí àwọn lẹ́tà tí a fi àmì rọ́pò padà, á wá fi ohun tó kù wé àtòkọ. Oluwaseun@2024 di oluwaseun, ó ti wà lórí àtòkọ, ó kọ̀ ọ́. Abuja@2024 di abuja. Kanotadabo2025 di kanotadabo. Mo jókòó tì í ní yàrá sáfà, mo ń tẹ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú PowerShell, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ó ń kọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Hajia dúró lẹ́yìn mi ó ń pe tirẹ̀ sókè. Ó tún lè fi páásíwọ́ọ̀dù wé àkójọ Pwned Passwords tí Troy Hunt bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017, tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò síta nínú. A gba gbogbo rẹ̀ wálé, nítorí náà ohunkóhun ò jáde kúrò lórí sáfà wa nígbà tí a bá ń wò ó. Íntánẹ́ẹ̀tì wa fi òru púpọ̀ gbà á.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá so orúkọ ọmọ méjì pọ̀, tí orúkọ alásopọ̀ yẹn kò sí lórí àtòkọ, ó lè kọjá. Àwọn tí mo rí nínú àyẹ̀wò ni mo kọ sínú rẹ̀, mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀gá ò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, "Ohun ọ̀fẹ́? Bó bá bàjẹ́ lóru, ta la máa pè?" Ìbéèrè àgbà ni. Mo ní, "Èmi ni, Sà. Owó tí a ò san fún láísẹ́ǹsì, àkókò tèmi la máa fi san án." Mo kọ wákàtí tó máa gbà mí lóṣù sórí ìwé, mo ní kó gba ẹnì kan kún mi tí mo máa kọ́, kó má bàa jẹ́ pé bí mo bá ṣàìsàn, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí. Ó gba ọmọ náà. Bí kò bá gbà á ni, ǹ bá ti ní kó ra ti olówó.

A kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán an wò kó tó máa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, a jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí gbogbo wa. Gígùn di 14. A pa pípààrọ̀ oṣooṣù tì. A pa òfin àmì àti nọ́ńbà ti Windows fúnra rẹ̀ náà, nítorí ohun tí a fi kún un kàn lè mú òfin le sí i ni, kò lè dẹ̀ ẹ́, àwa sì fẹ́ kí èèyàn lè kọ gbólóhùn. Àwa tó ní àṣẹ gíga lórí sáfà, 20 ni tiwa. Ayẹ̀wéwò owó tó wá láti ìta lóṣù Kejì bínú pé ibi tí ìwé òun ti ní kí a máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ní "ọjọ́ 90" ṣófo. Mo fi ìlànà NIST hàn án, mo fi àyẹ̀wò oṣooṣù wa hàn án, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún wa. Nígbà tí sáfà bá kọ páásíwọ́ọ̀dù, ohun kan náà ni Windows ń sọ fún òṣìṣẹ́: pé kò bá òfin gígùn, àmì tàbí ìtàn mu. Kì í sọ pé orúkọ ọmọ rẹ ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn á ka lẹ́tà wọn dé 17, wọ́n á ní ẹ̀rọ ń parọ́. Ibí yìí ni owó Specops ti wọ̀ mí lójú. Mo tẹ ìwé ojú ewé kan ní Yorùbá àti Haúsá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gbogbo tábìlì: má lo orúkọ èèyàn, má lo ìlú, má lo àdúrà, má lo òwe, má lo orin ìjọ tàbí àyọkà tí gbogbo ayé mọ̀ sórí. Ṣe àwòrán kan lọ́kàn tí ìwọ nìkan rí, kí o kọ ọ́ bí o ṣe máa sọ ọ́. Àpẹẹrẹ tí mo fi síbẹ̀ ni "ewure onile je iwe owo ina", pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ti àpẹẹrẹ yìí, mo sì ti fi í sórí àtòkọ èèwọ̀.

Ìyá Akáǹtì ní kí n jókòó ti òun. Mo yí ojú sí fèrèsé nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ìka méjì ló fi ń tẹ̀, mo ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù sókè, ó ya páálí àwọn ìlú náà kúrò, sẹ́lótéépù sì mú díẹ̀ lára ọ̀dà tábìlì dání. Ó ní, "Èyí ò ní sí nínú ìwé o. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ni, ohun tí ìyá mi gbé lọ́wọ́ wọ yàrá." Mi ò mọ ohun náà títí dòní.

Lóṣù Kẹta, àyẹ̀wò hash gbé Kanotadabo2025 jáde. Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tí mo fojú ara mi rí kí sáfà kọ̀, báwo ló ṣe wọlé? Kánò ló ti wọlé. Ẹ̀ka náà ní domain controller tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó bá yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ, kì í wá sí Àbújá. A ti fi Lithnet sórí rẹ̀ láti oṣù Kìíní. Ṣùgbọ́n Windows kì í gbé DLL bẹ́ẹ̀ wọlé títí a ó fi pa sáfà tí a ó sì tún tàn án, ẹni tó wà níbẹ̀ sì ń sún un síwájú nítorí ọjà kì í dúró lọ́jọ́ kan. Oṣù méjì gbáko ni Kánò fi wà láìsí ẹ̀ṣọ́, tí èmi sì ń sọ fún Ọ̀gá pé gbogbo wa ti wà lábẹ́ ààbò. Mo pè é, mo sọ fún un kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo wọkọ̀ láti Zuba lọ sí Kánò, mo sì jókòó ti sáfà náà títí ó fi padà dìde. Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò wa ti ní ìlà kan lórí tó ń béèrè lọ́wọ́ domain controller kọ̀ọ̀kan bóyá DLL náà wà ní gbígbé wọlé, kì í ṣe bóyá a ti fi sí i.

Àtòkọ náà ṣì ń gùn. Hajia ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tó bá rántí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n sọ ọmọ òṣìṣẹ́ wa kan lórúkọ ní Nyanya, bàbá ọmọ sì kọ orúkọ mẹ́rin sórí WhatsApp ọ́fíìsì, kí a lè bá a dúpẹ́. Mo kí i kú oríire. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àtòkọ, àwọn tó ní ṣ nínú wọn lọ́nà méjèèjì.